Àwọn Àparò Inú Sáúnà

Ohun tó ń ya Lempi Kiviniemi lẹ́nu ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni ara àwọn àparò náà máa ń rin. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á ti gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa ṣa oúnjẹ wọn jẹ bí ẹni tí kò ní àníyàn kan láyé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Olúwa bá ti mọ́, tí ó bá lọ wò wọ́n kí ó tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, á bá wọn tí wọ́n sorí kọ́, oníkálukú ní igun tirẹ̀, ìyẹ́ wọn á sì ti lẹ̀ mọ́ra bí irun ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún.

Àparò mẹ́fà ni wọ́n, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Wọn kì í ṣe tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìpayà wà. Saima ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni wọ́n, Saima sì ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Duluth lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ bímọ.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ti di ìyá àgbà, opó sì ni àwọn méjèèjì. Ilé wọn kò jìnnà síra, oko ọ̀dùnkún kan ló là wọ́n láàárín, ní ìhà àríwá Michigan níbi tí afẹ́fẹ́ adágún ńlá ti ń rọ́ yìnyín wọlé. Wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n jọ ń mu kọfí. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí Saima ti fi àwọn òdòdó inú ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún Lempi, tí Lempi sì fi ìfẹ́ bomi rin wọ́n ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́ títí gbogbo wọn fi jẹrà láti gbòǹgbò, Saima kò tún fi ohun ẹlẹ́mìí kankan sí i lọ́wọ́ mọ́. Bí ó bá ń rìnrìn àjò, Taimi Pelkonen, aládùúgbò wọn, ni ó máa ń bẹ̀. Lọ́dún yìí, orúnkún Taimi ń dà á láàmú, kò lè rìn lórí yìnyín. Ìdí nìyẹn tí ó fi kan Lempi.

"Lempi, mo bẹ̀ ọ́," ni Saima wí lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ti wọ kóòtù, àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Oúnjẹ àti omi, ó parí. Fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Má ṣe àṣejù. O rántí àwọn òdòdó mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún wo lẹ máa dárí òdòdó yẹn jì mí?"

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Àwọn òdòdó náà ni kò tíì dárí jì ọ́."

Lempi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbé Saima lọ, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ọ̀kan ṣoṣo bá kú nínú àwọn ẹyẹ yìí, kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n òun á tún fà lé òun lọ́wọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ó sì wù ú kí a fọkàn tán òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wù ú ju bí ó ṣe lè sọ lọ.

Nínú ahéré kan lẹ́yìn ilé Saima ni àgò àwọn àparò náà wà. Kò sí iná níbẹ̀ rárá. Koríko gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, ògiri rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ta lu àgò, ṣùgbọ́n àlàfo kan wà lókè lábẹ́ òrùlé tí èèyàn ń rí ojú ọ̀run níbẹ̀. Lempi wo àlàfo náà, ó mi orí. Saima yìí, ọkàn rẹ̀ le o! Ẹni tó ń bá mi wí nítorí òdòdó ló ń sin ẹyẹ nínú òtútù báyìí?

Síbẹ̀ ó pa àṣẹ mọ́. Ó ń gba inú oko ọ̀dùnkún kọjá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ nítorí omi inú àwo máa ń dì. Akọ kan wà láàárín wọn tí iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, Adarí-Orin ni Saima sọ ọ́. Ní ìdájí, òun ló máa ń kọ́kọ́ fọn fèrè ẹnu rẹ̀, àwọn yòókù á sì gbè é, ìró wọn á máa dún lórí yìnyín títí dé ilé Lempi. Ó dùn mọ́ Lempi débi pé ó máa ń gbé kọfí rẹ̀ lọ sẹ́nu fèrèsé kí ó lè gbọ́.

Àfi ìgbà tí ìjì yìnyín dé. Ó jà, kò dákẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, yìnyín ti bo ọgbà, ó ti dé ìbàdí èèyàn nínú oko ọ̀dùnkún. Lempi fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ọ̀nà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ náà. Ó bá wọn láàyè. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ara òun kò lè gbẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́, rédíò sì ń sọ pé òtútù tó ju ìyẹn lọ ń bọ̀. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àgò, ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ yìnyín tó fi ń lọ gba lẹ́tà, ó sì tì í wálé díẹ̀díẹ̀, ó ń bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni ń tan ọmọ.

Níbo ni yóò wá gbé wọn sí? Kò lè jẹ́ inú ilé. Ológbò rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń lá ẹnu. Ṣùgbọ́n Lempi kò ronú jìnnà. Ilé-ìwẹ̀ olóoru wà lẹ́yìn ilé, sáúnà tí bàbá wọn fi gẹdú kọ́ kí ó tó kọ́ ilé tí wọ́n ń sùn. Nínú sáúnà yẹn ni ìyá wọn bí Saima sí, ibẹ̀ ló bí Lempi náà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ òkú bàbá wọn. Bí òtútù bá mú ọmọ, sáúnà ni. Bí ẹ̀yìn bá ń dun àgbà, sáúnà ni. Ta ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ń gbé ohun tí kò lágbára lọ? Ó gbé àgò náà sínú yàrá kékeré iwájú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bọ́ aṣọ, ó fi àkísà dí gbogbo ihò ẹ̀bá fèrèsé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n yẹn sí òun nínú.

Lọ́jọ́ Sátidé ó dáná sáúnà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọkọ Taimi fi ọkọ̀ gbé e wá, àwọn obìnrin méjèèjì sì wẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ara àwọn ẹyẹ rin.

Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n da omi wọn nù ni. Ó pààrọ̀ àwo omi sí èyí tí ẹnu rẹ̀ há. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ara wọn tún rin. Ó rò pé òrùlé ń jò. Ó gun àpótí, ó fi ọwọ́ pa gbogbo pákó òkè, ó gbẹ táútáú láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ro àlọ́. Kí ló ń bẹ nínú ọjọ́ Àìkú tí kò sí nínú ọjọ́rú? Ṣé oúnjẹ ni? Oúnjẹ kan náà ni. Ṣé ẹnìkan ń wọlé ni? Kò sí ipasẹ̀ lórí yìnyín àfi tirẹ̀. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù, nítorí ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ro àwọn àparò tí Olúwa rán sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ara tiwọn náà rin nígbà tí wọ́n dé àgọ́. Lẹ́yìn náà ó rántí pé ńṣe ni àwọn èèyàn yẹn jẹ wọ́n, ó sì yára padà sínú ìwàásù.

Ohun mìíràn tún wà. Adarí-Orin ti dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ sáúnà, kò pe ẹnìkan mọ́ ní ìdájí.

Saima tẹ̀ ẹ́ láago ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan.

"Ọmọ ti dé o! Ọkùnrin ni. Orí rẹ̀ pá bíi ti bàbá wa."

"Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń jẹun, ó ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Àwọn ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

"Adarí-Orin ń kọrin?"

Lempi wo ológbò, ológbò náà wò ó. "Ó... ó ń sinmi díẹ̀."

"Ó ń sinmi? Ṣé ó ti gbowó ìfẹ̀yìntì ni? Lempi, níbo ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn wà?"

"Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wo búrẹ́dì mi kó má baà jóná."

Kò sí búrẹ́dì kankan lórí iná. Lempi jókòó lórí àga, ojú tì í bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń fi ìṣáná ṣeré. Ní alẹ́ yẹn, ó bẹ Olúwa pé kó dárí búrẹ́dì náà jì òun, kó sì fi ohun tó ń ṣe àwọn ẹyẹ hàn òun kí ó tó pẹ́ jù.

Ó ti ń pẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tún tẹ̀lé e, kì í ṣe ara tó rin nìkan ló bá. Iná sáúnà ti kú láti alẹ́, òtútù ti padà sínú yàrá ìbọ́ṣọ, ìrì dídì sì ti funfun sórí gíláàsì fèrèsé, sórí ìṣó ara ògiri, àti sí etí ìyẹ́ àwọn àparò. Abo kékeré kan ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú. Lempi gbé e sínú àtẹ́lẹwọ́, ó mí èémí gbígbóná sí i, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti àwọn ẹyẹ, ó fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé, "Ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí ni mo fi ń ṣe yín?"

Ìdáhùn kò dé títí di Sátidé.

Taimi tiro wọlé pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, Onni ọkọ rẹ̀ dì í mú ní apá. Onni yọjú wo inú àgò.

"Áà, Lempi! Ẹ kúkú wọ́n iyọ̀ sí wọn lára. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

"Onni, jáde níbí," ni Taimi wí. "Lọ mu kọfí nínú ilé. Má sì jẹ nisu, búrẹ́dì dídùn yẹn, tán o, mo ti ka ègé rẹ̀."

Àwọn obìnrin méjèèjì wọ inú ooru. Taimi da omi sórí òkúta gbígbóná, òkúta bú, wọ́n jókòó lórí pákó òkè, òógùn ń ṣàn, orúnkún Taimi ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lempi ló kọ́kọ́ jáde nítorí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ. Ó wé aṣọ mọ́ra, ó jókòó ní yàrá ìbọ́ṣọ, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú kí ó lè wo ìka ẹsẹ̀ abo kékeré náà. Bí ó ti ń tẹjú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Taimi ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ayé di funfun. Lempi kò rí àgò mọ́, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀.

"Taimi, ti ilẹ̀kùn! Ojú mi ti fọ́!"

"Awò rẹ ló mú kùrukùru, ìwọ obìnrin yìí. Bọ́ ọ kúrò."

Lempi bọ́ awò náà, ó fi eteetí aṣọ nù ún. Ó rin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fi sójú. Awò náà tún funfun. Ó bọ́ awò náà lẹ́ẹ̀kejì, kò nù ún, ó gbé e sún mọ́ fìtílà, ó wo bí ẹ̀kán omi wínníwínní ṣe tò sórí rẹ̀. Ó sì rọra na ìka sínú àgò, ó fi kan ẹ̀yìn Adarí-Orin. Ẹ̀kán omi wínníwínní ni ó bá níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Olúwa mi," ni ó wí.

"Kí ló dé? Ṣé ọ̀kan ti kú ni?"

"Taimi, èmi ni òrùlé tó ń jò. Èmi ni. Ooru omi wa ló ń bà lé wọn lálẹ́ Sátidé, bí iná bá sì kú, ó ń di yìnyín sí wọn lára. Mo tún fi àkísà dí gbogbo ihò tí ì bá gbà jáde!"

Taimi jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó ronú sí i. "Ṣùgbọ́n inú sáúnà ni a bí gbogbo wa sí."

"Wọ́n nù wá gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, Taimi. Wọ́n wé wa, wọ́n sì gbé wa lọ sínú ilé. Ta ló ń nu àparò?"

Ó wọ aṣọ rẹ̀ kíákíá. Ó ti mọ ibi tó yẹ kó gbé wọn lọ báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àká igi ìdáná wà lẹ́yìn sáúnà, igi èèpo-funfun tó gbẹ dáadáa kún ibẹ̀ dé òkè. Kò sí iná. Àlàfo wà lábẹ́ òrùlé, bíi ti ahéré Saima gẹ́lẹ́. Òtútù tí rédíò sọ náà sì ti dé, imú ń dì bí èèyàn bá mí. Láti gbé ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò yá jáde sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀! Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń sọ pé rárá.

Ó wọlé, ó gbé fóònù kí ó má baà yí ọkàn padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí búrẹ́dì lórí iná lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀," ni Saima wí. "Ọjọ́rú kì í ṣe ọjọ́ búrẹ́dì rẹ. Àwọn mélòó ló kù?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà. Ṣùgbọ́n abo kékeré yẹn, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa já." Ó sì rò gbogbo rẹ̀ fún un, sáúnà, àkísà, awò ojú, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn Saima ní Duluth.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?" ni Saima béèrè.

"Mo fẹ́ gbé wọn lọ sí àká igi. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Máa bẹ̀rù, kó o sì gbé wọn lọ. Nù wọ́n gbẹ kí o tó gbé wọn jáde. Èmi ń bọ̀ bí ọkọ̀ bá ti lè rìn."

Lempi nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi gbẹ, Onni sì gbé àgò. Lempi to igi gbígbẹ yí i ká ní apá mẹ́ta bí odi, ó da koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ títí ó fi jinlẹ̀, ó sì fi òkè sílẹ̀ láìdí. Ọwọ́ rẹ̀ wá bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó mú un, ó tún gbé e padà sílẹ̀. Ó mú un lẹ́ẹ̀kejì.

"Lempi," ni Onni wí.

"Mo ti gbọ́."

Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà padà sínú ilé, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó sọ fún Ẹni tó ń rí ológoṣẹ́ nígbà tó bá jábọ́ pé mẹ́fà wà nínú àká òun, kó jọ̀wọ́, kó dá wọn sí, kó má ṣe wo àṣìṣe ọwọ́ òun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà nílẹ̀. Ó ń da kọfí sínú kọ́ọ̀pù nígbà tó gbọ́ ọ. Fèrè kan, kò ròkè, ó dà bí ẹni ń tún ọ̀fun ṣe lẹ́yìn àìsàn. Lẹ́yìn náà ó tún dún, àwọn yòókù sì gbè é. Lempi gbàgbé kọfí. Ó sáré jáde láìfi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó rọra yọjú láàárín igi.

Ohun tí kò rí rí ni ó rí. Ní sáúnà, oníkálukú ní igun tirẹ̀. Níhìn-ín, wọ́n ti fi ìdí kan ìdí, wọ́n ṣe òbìrípo kan ṣoṣo bí òrùka nínú koríko, gbogbo orí kọjú síta, ojú méjìlá ń wo ayé láti gbogbo ìhà. Abo kékeré náà wà láàárín ẹ̀gbọ́n méjì. Lempi na ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sí abẹ́ ìyẹ́ wọn, ó bá ibẹ̀ gbóná bí inú búrẹ́dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ara wọn gbẹ. Wọ́n ti ní ààrò tiwọn tẹ́lẹ̀. Òun ló ń bomi pa á.

Bí Saima ṣe dé láàárín ọ̀sẹ̀, kò kọ́kọ́ wọlé. Pẹ̀lú àpò lọ́wọ́ ló gba ẹ̀yìn sáúnà lọ. Ó wo odi igi, ó wo àlàfo òkè, ó na ọwọ́ sínú koríko. Ó gbé abo kékeré náà jáde, ó yẹ ìka rẹ̀ tó já wò fún ìgbà pípẹ́. Lempi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Odi igi yìí dára," ni Saima wí. "Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ahéré tèmi bí ó bá ti ìhà adágún wá. Ta ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí?"

"Àwọn ẹyẹ fúnra wọn. Ìgbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀ tán."

Saima dá ẹyẹ náà padà. Lójú ẹsẹ̀ ló ti fi ìdí wá àyè rẹ̀ nínú òrùka, ó sì kọ ojú síta sí àwọn obìnrin méjèèjì.

"Wọ́n máa sàmì fún ọmọ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ni Saima wí, ó ń gbọn yìnyín lára kóòtù rẹ̀. "Mi ò ní bẹ Taimi. Níbí ni kí wọ́n wà títí yìnyín á fi yọ́, ìwọ náà lo máa mójú tó wọn nígbà tí mo bá tún lọ."

Lempi gba àpò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, òórùn kọfí ti ń bọ̀ wá pàdé wọn.

"Àwọn òdòdó tuntun tí ẹ gbìn sínú ìkòkò yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kí n bá yín mójú tó wọn náà?"

"Lempi," ni Saima wí, "má tilẹ̀ wò wọ́n."